Ìbéèrè Tí O Ní Kò Sí Nínú Ìdánwò

Abà wa, ní Lágelú,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Ràṣídì Àjàní, ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá ọ gbé nínú yàrá tí o gbà ní Adégbayì. Èmi ò ní àlàáfíà kankan lọ́wọ́ báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi fi tìrẹ ṣáájú. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé fóònù náà láti àná, tí mo sì tún gbé e sílẹ̀, torí mo mọ ara mi. Bí mo bá gbọ́ "Ẹ káàsán mà" rẹ yẹn, ọkàn mi á rọ̀, màá wá máa béèrè bóyá o ti jẹun. N kò fẹ́ kí ọkàn mi rọ̀. Inú ń bí mi, Àjàní, mo sì fẹ́ kí o ka ìbínú náà láti òkè délẹ̀ kí o tó fèsì.

Sátidé tó kọjá, o wálé. Oṣù kẹta rẹ nídìí iṣẹ́ tíṣà nìyí, àlàmùdùlílàhì, inú gbogbo wa ló sì dùn pé iṣẹ́ ìtàn ni wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́. O jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo gbé oúnjẹ fún ọ, o ń jẹ, ò ń rẹ́rìn-ín, o sì ń ròyìn kíláàsì rẹ fún mi. O ní ẹ̀kọ́ òwò ẹrú lẹ wà. O ní o ti ṣàlàyé bí òyìnbó ṣe gbé ọkọ̀ ojú omi wá àti bí wọ́n ṣe kó àwọn èèyàn wa lọ. Ọmọbìnrin kan wá nawọ́, ó dìde, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn tí àwọn ológun tiwa náà mú lẹ́rú, tí wọ́n kó wá sí àwọn abà wa wọ̀nyí ńkọ́? Níbo ni wọ́n wà báyìí?"

Kí o tó la ẹnu, ọmọkùnrin kan ti pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Lọ bi bàbá ẹ!" Ni gbogbo kíláàsì bá bú sẹ́rìn-ín.

Ìwọ wá ńkọ́, tíṣà? O ní o gbá tábìlì, o ní kí wọ́n dákẹ́, o wá sọ fún ọmọ tó béèrè ọ̀rọ̀ pé kó jókòó, pé ìyẹn ò sí nínú ìdánwò. Igbákejì ọ̀gá ilé ìwé yín gbọ́, ó yìn ọ́, ó ní kí o máa fo irú ibẹ̀ yẹn kí àwọn òbí má baà wá jà. Ọmọ náà ò sì wá sílé ìwé mọ́ láti ọjọ́ náà. Bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ni o ṣe sọ ìyẹn. Mo bi ọ́ léèrè orúkọ rẹ̀. O ní Ṣùkúrà ni, ará Ẹ̀yìn-Odò wa níbí, pé ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ tó ń yan gàrí ló ń gbé. O wá rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan sí i, o ní, "Ẹ̀yin náà ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n, mà."

Mo ní kí ló dé tí o kò dá a lóhùn. O ní, "Ẹ fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ sílẹ̀, mà. Àlàáfíà ló jù." O fọ ọwọ́, o gun ọ̀kadà, o lọ. Mo dákẹ́, o rò pé mo gbà pẹ̀lú rẹ. Mi ò gbà rárá. Láti Sátidé títí di òní ni mo ti ń bi ara mi pé ibo lo ti kọ́ irú ẹ̀rín yẹn, ìdáhùn tí mo sì rí ló dùn mí jù lọ. Ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ ọ.

Jẹ́ kí n sọ ẹni tí ìyá ìyá Ṣùkúrà jẹ́ fún ọ. Múnírà ni. Èmi àti ẹ̀ la jọ lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwa la jọ lọ sí módà, ilé ìwé tó tẹ̀lé e nígbà náà. Láràárọ̀ ló máa ń dúró dè mí lórí afárá pákó tó wà lórí odò nígbà náà, inú àwo kan náà la ti ń jẹ ẹ̀pà. Orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ. Tí wọ́n bá ka àbájáde ìdánwò, bàbá mi á kọ́kọ́ béèrè ipò tí Múnírà wà kó tó béèrè tèmi. Mo ń rẹ́rìn-ín sí i, inú mi ò dùn. Ọmọ èèyàn burú, Àjàní.

Ẹ̀yin ọmọ máa ń béèrè láti kékeré pé kí ló dé tí bọ̀dá Lásísì, ẹ̀gbọ́n mi, kì í wálé láti Kánò, tó fi jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì péré lo fojú kàn án láyé rẹ. A máa ń sọ pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó ráyè. Irọ́ ni. Èmi ni.

Lásísì fẹ́ fi Múnírà ṣaya. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé náà là ń wò ká tó gbé ìyàwó. Ìwádìí ìgbà náà kì í ṣe ti ọsibítù. Àwọn àgbà á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, olórí ilé á béèrè pé: ṣé kò sí wárápá níbẹ̀? Ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀? Ṣé kò sí wèrè? Ìbéèrè kẹrin wà tí wọn kì í dárúkọ. Olórí ilé á kàn wo ojú gbogbo èèyàn, á ní, "Ṣé kò sí ohun tó kù?" Bí gbogbo ilé bá ti lè dákẹ́, ó parí nìyẹn, kí wọ́n lọ ra iṣu.

Bàbá mi ni olórí ilé nígbà náà. Gbogbo àgbà tó jókòó ló mọ ìdí Ẹ̀yìn-Odò, ló mọ̀ pé ogun ló kó wọn dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn ọmọ yẹn, wọ́n sì fẹ́ fi ìdákẹ́ gbé e wọlé. Bàbá mi béèrè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dákẹ́. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n dákẹ́. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta. Èmi, tíṣà tuntun, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún láyè láti jókòó láàrin àgbà, mo la ẹnu mi, mo ní: "Ẹrú ni wọ́n. Ṣebí gbogbo wa la mọ̀."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó lè ṣe bí ẹni tí ò gbọ́ mọ́. Bàbá mi tẹ orí ba, kò sì gbé e sókè títí àwọn èèyàn fi túká. Ìgbéyàwó náà kú síbẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, Lásísì ti wọ ọkọ̀ ojú irin. Èmi àti Múnírà pàdé lórí afárá lọ́sẹ̀ kejì, mo ti múra èébú sílẹ̀ tí màá fi dá a lóhùn. Kò bú mi. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n kọjá, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, tíṣà." Ọ̀rẹ́ mi tó máa ń pè mí ní Rámọ́tà olórí ńlá ló fi "ẹ" kí mi. Ìgbà tí mo délé ni mo tó sunkún.

Bàbá mi ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Ìyá Àgbà ni gbogbo ilé ń pè é. Ó pè mí lọ́sẹ̀ yẹn síbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí. Kò pariwo. Ó ní, "Rámọ́tà, o ní ẹrú ni wọ́n. Ta wá ni ìwọ?" Mo ní ọmọ ilé yìí ni mí. Ó ní, "Ó dáa. Ìyá tó bí èmi àti bàbá ẹ, ìlà ojú ẹ̀ kì í ṣe ti ilé yìí. Ogun ló mú un, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Okùn kan náà ni wọ́n fi so òun àti bàbá bàbá Múnírà títí wọ́n fi dé abà yìí. Nígbà tí wọ́n tú okùn, wọ́n mú ìyá wa wọnú ilé, nígbà tó dàgbà ẹni tó mú un fi ṣaya, ó bí wa, a di ọmọ ilé. Wọ́n gbé ọkọ́ lé èkejì lọ́wọ́, wọ́n ní kó kọjá odò. Ohun tó yà wá kò ju ìyẹn lọ. Ẹrú ní baba, ọmọ mi, ọ̀nà ló jìn. Dìde, lọ bá ọ̀rẹ́ ẹ."

Mi ò lọ. Àjàní, ó lé ní ogójì ọdún tí mi ò fi lọ. Ọmọ ẹni tí wọ́n fi okùn so wá ni mo jókòó níwájú rẹ̀, tí mo ń pe ọmọ ẹlòmíì ní ẹrú, bàbá mi ló sì ń tẹ orí ba fún mi. Nígbà tí mo sì wá mọ̀, mo pa á mọ́.

Mo fi pípa á mọ́ yẹn ṣe iṣẹ́ tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọdọọdún ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ pé òyìnbó wá, òyìnbó kó wa lọ, bíi pé kò sẹ́ni tó ti so okùn náà kí òyìnbó tó dé etí omi. Lọ́dún kan, ọmọ kan bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń pín ẹran níbi ìsọmọlórúkọ, àwọn ará Ẹ̀yìn-Odò ni wọ́n máa ń fún kẹ́yìn. Mo ní kó dìde kó ka táìmù tébù ìṣirò. Abà bàbá mi yìí ni mo tọ́ ọ sí lẹ́yìn tí bàbá rẹ ti di ẹni Ọlọ́hun. O jókòó síbi ìpín ẹran yẹn títí o fi dàgbà, o ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi lọ́jọ́ kan pé ohun tí wọ́n ń ṣe kò dáa. Nítorí náà, ìdajì ìbínú yìí, tèmi ni. Ìdajì tó kù, tìrẹ ni, màá sì fún ọ.

Àkọ́kọ́. Má fi orúkọ àlàáfíà pe ìbẹ̀rù mọ́. Àlàáfíà ta ni? Tìrẹ, ti igbákejì ọ̀gá, ti àwọn òbí tí ẹ̀ ń bẹ̀rù. Ṣùkúrà ò ní àlàáfíà, ilé ìyá ìyá rẹ̀ ló jókòó sí. Ẹni ṣu ni í gbàgbé, ẹni kó kì í gbàgbé. Nígbà tí o sọ pé ká fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ sílẹ̀, ẹni tó ṣu lò ń gbèjà rẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ìwọ ni àgbà inú kíláàsì yẹn, orí ọmọ sì wọ́ lójú rẹ, o ń gbá tábìlì.

Èkejì, ọmọkùnrin tó pariwo láti ẹ̀yìn. Má nà án, má sì ṣe bí ẹni pé kò sọ nǹkan kan. Kì í ṣe òun ló hùmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, ilé ló ti gbọ́ ọ, bí mo ṣe gbọ́ tèmi lẹ́nu àǹtí mi kan tó ń bá obìnrin Ẹ̀yìn-Odò jà lódò. Fún un níṣẹ́ ṣe. Ní kó lọ béèrè nílé ẹni tó gbẹ́ kànga tí wọ́n ń mu, ẹni tó kọ́kọ́ ṣán oko kòkó tí wọ́n fi rán bàbá rẹ̀ nílé ìwé, àti ibi tí ọmọ-ọmọ onítọ̀hún ń gbé báyìí. Kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó wá kà á. Ọmọ tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ìrìn yẹn, tó gbọ́ orúkọ èèyàn, kò ní lè fi onítọ̀hún rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù, òun ló sì ná mi lọ́rẹ̀ẹ́. O lè sọ pé òtítọ́ kúkú ni mo sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọjọ́ náà. Kì í ṣe òtítọ́. Ìdajì ni. Mo sọ ti wọn, mi ò sọ tiwa. Ìtàn tí èèyàn yọ ara rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, èébú ni, kódà bí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. Nítorí náà mi ò ní kí o lọ dúró níwájú kíláàsì kí o máa ka ilé tó jẹ́ ti ẹrú àti ilé tó jẹ́ ti olówó ẹrú. Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, wàá tún pa ọmọ náà lẹ́ẹ̀kejì ni. Sọ ti ẹni tí wọ́n so, sọ ti ẹni tó so, sọ ibi tí ìwọ tí ò ń sọ̀rọ̀ dúró sí. Má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ ológun rò pé o wá fi ẹ̀ṣẹ̀ baba ńlá wọn kọ́ wọn lọ́rùn. A kì í jogún ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó ti kú, ṣùgbọ́n a máa ń jogún oko rẹ̀. Ẹni tó jogún oko gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ro ó, kó sì mọ bí yóò ṣe máa bá ọmọ onítọ̀hún gbé.

Nǹkan kan tún wà o, mi ò mọ ẹ̀kélòó tó jẹ́ mọ́. Mo lọ sí Ẹ̀yìn-Odò lánàá.

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí yìí. Kọnkéré ni afárá náà báyìí, èèyàn ò ní ka ogójì ẹsẹ̀ kó tó dé òdìkejì. Múnírà wà nídìí agbada gàrí, èéfín ń bò ó. Ó ní kí wọ́n gbé àpótí fún mi. Mo jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀, ohun tí mo ṣe àti ìdí tí mo fi ṣe é, títí kan ti okùn tí Ìyá Àgbà sọ fún mi. Kò dá iṣẹ́ dúró. Ó da gàrí yẹn síwá, ó dà á sẹ́yìn, títí mo fi dákẹ́.

Ó wá ní, "Ọ̀rọ̀ okùn yẹn, a mọ̀ ọ́n."

Mo ní, "Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Bàbá bàbá mi ló sọ ọ́ fún bàbá mi, bàbá mi sọ ọ́ fún wa. Gbogbo ọmọ Ẹ̀yìn-Odò ló mọ̀ pé ìyá yín àti bàbá wa jọ rìn wá ni. Ọjọ́ tí ẹ bà mí lórúkọ jẹ́, àwọn ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ wá pariwo ẹ̀ lójúde yín. Bàbá mi ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ojú ti ìyá yẹn tó nígbà ayé ẹ̀, ká má dójú ti òkú." Ó bu omi wọ́n iná. "Ẹ̀yin là ń dúró dè. Afárá yẹn ò mà gùn."

Gbọ́, ọmọ mi. Ṣé o ti rí i báyìí? Ilé méjì rèé. Wọ́n kọ́ ọmọ ní ìtàn nínú ọ̀kan, pẹ̀lú gbogbo ìrora inú rẹ̀, ilé yẹn ló bí Múnírà, tó ní ohun tó lè fi ba ayé wa jẹ́ lọ́wọ́ tí kò lò ó. Wọ́n fi ìtàn pamọ́ fún ọmọ nínú èkejì kí àlàáfíà lè wà, ilé yẹn ló bí èmi. Ẹni tó bá tún sọ fún ọ pé ìtàn tó korò máa ń ba ọmọ jẹ́, sọ tiwa fún un.

Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí Ṣùkúrà. Ọmọ náà wà lẹ́yìn ilé, ó ń bó pákí, kò wo apá ọ̀dọ̀ wa. Múnírà ní òun ti bá obìnrin aránṣọ kan sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn, pé Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ lọmọ náà ń lọ kọ́ iṣẹ́, ilé ìwé ti tó. Ọmọ tó béèrè ìbéèrè tó gbọ́n jù nínú gbogbo kíláàsì yín! Mo ní ṣé kò sí ohun tó lè yí i padà. Ó ní, "Ẹni tó ní kó jókòó ni kó wá sọ fún un pé kó dìde. Kì í ṣe ẹ̀yin o. Òun."

Nítorí náà, wálé lọ́jọ́ Àìkú; ọlọ́kadà yóò ti mú lẹ́tà yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Má ṣàlàyé pé o ní ìwé láti máàkì. Àwa méjèèjì la jọ ń kọjá afárá. Mo mọ̀ pé tíṣà ni ọ́, ṣùgbọ́n ìwọ ni yóò bẹ ọmọdé yẹn, lójú ìyá ìyá rẹ̀, wàá sì sọ ohun tí o ṣe ní pàtó, má sọ pé "bí mo bá ṣẹ̀ ọ́." Bí igbákejì ọ̀gá bá bínú, kó bínú. Bí òbí bá wá jà, juwe ilé mi fún wọn. Mo ti dákẹ́ tó fún gbogbo ọjọ́ ayé mi, mo ti ṣe tán láti pariwo.

Ìwọ ni àbígbẹ̀yìn mi, Àjàní, mo sì fẹ́ràn rẹ ju bí o ṣe mọ̀ lọ. Ìdí tí mi ò fi ní gbà kí o di irú mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, bí ó bá gbà láti padà, ní kó dìde, kó tún ìbéèrè rẹ̀ béèrè ketekete, kí gbogbo wọn gbọ́. Yóò béèrè pé àwọn tí wọ́n mú lẹ́rú wá sí abà wa, níbo ni wọ́n wà báyìí. Kí ẹnikẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, fi ọwọ́ lé àyà ara rẹ, kí o dá a lóhùn pé, "Ọmọ wọn kan rèé."

Èmi ni ìyá rẹ,
Rámọ́tà.